"Borrow me" kọ́ o! Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ borrow àti lend lónìí

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Borrow ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ kí n má fa lend wọ̀ ọ́, torí àwọn méjèèjì ló jọ ń dà wá láàmú.

Mi ò ní máa sọ fún yín pé borrow ni kéèyàn yá nǹkan, ẹ mọ̀yẹn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: "Mo yá Bọ́lá lówó." "Mo yá owó lọ́wọ́ Bọ́lá." Yá náà ni, àbí? Ṣùgbọ́n nínú èkíní Bọ́lá ló jẹ gbèsè, nínú ìkejì èmi ni mò ń sá fún Bọ́lá. Kí ló yí i padà? "LỌ́WỌ́" yẹn ni! Gẹ̀ẹ́sì wá fi ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe é. Ẹni tó ń gbà ló ń borrow. Ẹni tó ń fúnni ló ń lend. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: TÓ BÁ Ń BỌ̀ SỌ́WỌ́ Ẹ, BORROW. TÓ BÁ Ń KÚRÒ LỌ́WỌ́ Ẹ, LEND.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí o. Mo wà lórí ìlà ní báńkì kan, bírò mi gbẹ, mo yíjú sí bàbá kan lẹ́yìn mi, mo ní "Please sir, borrow me your biro." Bàbá wò mí títí, ó ní "Lọ́wọ́ ta ni kí n ti lọ yá ẹ?" Ojú tì mí! Ó ṣá fún mi ní bírò, àmọ́ ó yọ ìdérí ẹ̀, ó mú un dání kí n má bàa gbé bírò lọ, ẹ mọ àwọn bàbá wa.

Òótọ́ ló sì sọ, torí "borrow me", èmi fúnra mi ni nǹkan tí wọ́n fẹ́ lọ yá nìyẹn, bí ẹni lọ yá odó nílé kejì. Nínú pidgin kò sí wàhálà, "borrow me 2k" yé gbogbo ayé. Nínú ìdánwò ńkọ́? Ẹ pàdánù máàkì yín nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kankan sọ pé Yorùbá ló ṣòro. Ará Jámánì náà, borgen kan ṣoṣo ló ń lò fún méjèèjì, ọmọ ìyá borrow sì ni. Àwa tiẹ̀ tún ní wín, iyọ̀ tẹ́ ẹ gbà nílé kejì, ẹ wín in ni, ṣé iyọ̀ yẹn gangan lẹ máa kó padà ni? Gbogbo ẹ̀, borrow ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Ó yá, kíákíá. "Can I borrow your pen?" Ó dáa. "Can you lend me your pen?" Ó dáa. Borrow FROM, lend TO. Èyí tó ti kọjá, borrowed, LENT.

Ẹ wá túmọ̀ èyí fún mi nísàlẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní agboòrùn tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀." Ẹni tó bá kọ lended, mo ti rí ẹ o.