Ànábì gé ìrun kúrú nítorí igbe ọmọ. Ìwọ ńkọ́?

Assalaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn.

Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ eléyìí, ọmọ wà lọ́mú. Ó pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lánàá. Ẹ̀yin oníbàárà mi ní ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta, tí ẹ ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa padà sídìí àdìrẹ, ẹ ṣì máa ní sùúrù fún mi. Omi aró àti ọmọ ìkókó ò jọ gbé ilé kan.

Láti ìgbà tí mo ti bímọ, mi ò tíì dé àsálátù. Mi ò tíì gbọ́ kútúbà, ìwàásù Jímọ̀, ní mọ́sálásí Kóbítì. Kùránì tí mo máa ń ka ojú ewé mẹ́rin rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí mo bá rí ìlà mẹ́rin kà báyìí, mo dúpẹ́. Lóru ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná ti lọ, ooru mú, ọmọ ti ń ké láti aago kan, mo gbọ́ tí ládánì ń pe àsùbáà, ó ní ìrun sàn ju oorun lọ. Mo bú sẹ́kún. Oorun wo? Èmi tí n ò rí oorun sùn, tí n ò sì tíì lè kírun nítorí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, èwo ni mo rí mú nínú méjèèjì? Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wàrà ń jò sára búláòsì mi, mo ń rò ó pé bóyá ẹ̀sìn mi ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀ yìí.

Hádíìsì kan ló gbà mí sílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Anas ọmọ Malik ló gbà á wá, Bukhari àti Muslim kọ ọ́ sílẹ̀. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé òun a dúró sí ìrun, òun a ní in lọ́kàn láti fà á gùn, òun a wá gbọ́ igbe ọmọ kékeré, òun a sì gé e kúrú, nítorí òun mọ bí igbe náà ṣe ń ká ìyá rẹ̀ lára tó.

Ẹ tún un kà. Kò ní kí wọ́n gbé ọmọ jáde. Kò yíjú padà wo ìyá ọmọ ní àwòbú, bí àwọn bàbá kan ti máa ń ṣe ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Ìrun gan-an ló gé, ìrun tó jẹ́ òpó ẹ̀sìn. Gbogbo sàhábà tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló bá a gé e, nítorí obìnrin kan tí a ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ tó wà ní sáfù ẹ̀yìn. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá lè gé ìrun kúrú fún ìyá ọmọ, kí ni ohun tí àwa ò lè gé kúrú fún un nínú ilé wa? Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ìwọ abiyamọ tó ń ka èyí tí ojú rẹ wú, tìrẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ọlọ́hun ò fìgbà kan sọ pé ọmọ títọ́ rọrùn. Nínú Súrà Luqman, aaya 14, Ó ní ìyá ènìyàn lóyún rẹ̀ nínú àìlera lórí àìlera, ìjáwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọmú sì wà nínú ọdún méjì. Nínú Súrà Ahqaf, aaya 15, Ó ka oyún àti ọmú pọ̀, Ó ní ọgbọ̀n oṣù ni. Ẹni tó dá wa ló ń bá wa ka oṣù bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ bímọ láyé ni, má bá a jà, ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́ náà.

Báyìí, bí mo bá jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, mo ń ní nìyà, èrò ìjọ́sìn lọ́kàn, sí i. Mo ní Bísímílláhì kí n tó fi í sọ́mú. Mo gbé e léjìká, mo ń rọra gbá a lẹ́yìn, bó bá gùnfẹ̀, mo ní Alhamdulillah. Mo pààrọ̀ ìtẹ́dìí, mo tún un tẹ́. Èrò ọkàn la fi ń ṣírò iṣẹ́, Ànábì ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò fẹ́ kí òru mi lọ lásán. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá fi ọmọ kẹ́wọ́ kó pa ìrun tì o, ẹ má gbọ́ mi gbọ́yọ.

Ó rẹ Fátímọ̀ náà rí, ọmọ Ànábì fúnra rẹ̀. Ọlọ tó fi ń lọ ọkà ti ń da ọwọ́ rẹ̀ láàmú. Ó gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ẹrú wá bá bàbá òun, ó lọ tọrọ ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, kò bá a nílé, ó sọ fún Áíṣà, ìyàwó Ànábì. Alíyù, ọkọ rẹ̀, ló ròyìn ìyókù: ó ní Ànábì wá bá àwọn nílé nígbà tí àwọn ti dùbúlẹ̀ láti sùn, ó ní kí àwọn má dìde, ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì títí òun fi gbọ́ òtútù ẹsẹ̀ rẹ̀ láyà òun. Ó ní ohun tó sàn fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n ṣe Subhanallah 33, Alhamdulillah 33 àti Allahu Akbar 34.

Èmi náà ń ṣe é. Oríìka ìka ni mo fi ń kà á, nítorí tẹ̀sùbáà ń dún, ó sì ń jí ọmọ. Nígbà mìíràn oorun á ti gbé mi lọ kí n tó dé 20. Ṣùgbọ́n ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ tútù yẹn. Bàbá gbọ́ pé ó rẹ ọmọ òun, ó dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ jókòó tì í. Kò rán ẹnikẹ́ni sí i pé kó lọ ní sùúrù.

Àwọn àbúrò mi obìnrin máa ń bi mí ní ìbéèrè méjì kan. Èmi kì í ṣe àáfà, ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn àáfà ni mo ń sọ. Àkọ́kọ́ ni ti ogójì ọjọ́. Ummu Salamah, ìyàwó Ànábì, ní àwọn obìnrin tó bímọ láyé Ànábì máa ń jókòó láìkírun fún 40 ọjọ́. Àwọn onímọ̀ Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, ní ó lè dé 60. Ṣùgbọ́n ibi tó lè gùn dé nìyẹn, kì í ṣe iye tí èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó pé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá ní ọjọ́ 18, wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra, kí o kírun rẹ. Ìrun tó ti lọ nígbà ẹ̀jẹ̀, a kì í san án. Ààwẹ̀ la máa ń san.

Ìkejì ni ti aṣọ. Ọmọ á pọ̀ sí ọ lára, á tọ̀ sí ọ lára, ìrun á sì tó. Ummu Qays gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì máa jẹun lọ bá Ànábì, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ọmọ náà tọ̀ sí i láṣọ. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó sì fọ́n ọn sí i. Àwọn onímọ̀ kan ya ti ọmọkùnrin tó ń mu ọmú nìkan sọ́tọ̀, wọ́n ní omi fífọ́n tó fún un, kí á fọ ti ọmọbìnrin. Àwọn Màlíkì ní kí á fọ méjèèjì, àmọ́ wọ́n ṣàmójúkúrò fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú tó bá ti sa agbára rẹ̀ láti dáàbò bo aṣọ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó ní aṣọ kan lọ́tọ̀ fún ìrun. Èmi fi ìró kan àti ìjáàbù kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ìyá mi ló wá wẹmọ fún mi. Kí Ọlọ́hun dá a sí. Bó bá ti ń fi omi gbígbóná jó mi níkùn, èmi ni mò ń ké ju ọmọ lọ. Ibi tí èmi àti ìyá ti yà ni omi mímu àti àgbo. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ọmú nìkan ni títí oṣù mẹ́fà, kì í ṣe omi, kì í ṣe àgbo. Ìyá ní nínú ooru Abẹ́òkúta yìí kẹ̀? Ọ̀fun ọmọ á gbẹ. Mo ní, “Ìyá mi, omi ló pọ̀ jù nínú ọmú, òùngbẹ ò lè gbẹ ẹ́.” Wọn ò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jókòó síbi ìlẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ti rò ó, pé nígbà tí Ọlọ́hun ń bá ìyá Ànábì Musa sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ní kó ṣe fún ọmọ náà ni pé kó fún un lọ́mú, kó tó kan ọ̀rọ̀ odò. Wọ́n ní ẹni tí Fáráò ń wá kiri, ọmú náà ni wọ́n fún un. Súrà Qasas ni, aaya 7. Èmi tí mò ń kà á láti kékeré ò ronú kan ibẹ̀ rí. Bí a ṣe gbé àgbo kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ibì kan tí a kì í fẹ́ sọ. Nígbà tí ìrọbí mú Màríámọ̀, ó lọ fara ti igi dàbínù, ó ní ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí, kí òun di ẹni ìgbàgbé. Ó wà nínú Súrà Maryam, láti aaya 23. Obìnrin tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ Ọlọ́hun bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti kéré? Rárá. Ohun tó gbọ́ ni pé kó má banú jẹ́, odò kékeré wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó mi igi dàbínù, kó jẹ, kó mu, kí ojú rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà, bó bá rí èèyàn, kó jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìdákẹ́, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Oúnjẹ, omi, ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá wo ọmọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ ó jókòó di mọ́kànlá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún aaya yẹn kà.

Bí ẹkún bá ń bọ́ lójú rẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dáwọ́ dúró, tí o ò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí èrò pé kí o pa ara rẹ tàbí ọmọ lára ń wá sọ́kàn rẹ, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Sọ fún nọ́ọ̀sì níbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti pé ká pa ara ẹni tàbí ọmọ lára yẹn, má jẹ́ kó di ọ̀la. Dúà dára, ṣùgbọ́n kò ní kí á má lọ sílé ìwòsàn. Mo mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Àwa ará Abẹ́òkúta, bí a bá ti gbọ́ “Árò”, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà nílùú wa, a ti kó èèyàn sínú àwàdà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ ìlú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ṣe ní Árò ní 1954 kì í ṣe ohun àwàdà. Ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó wà láyìíká, ẹbí wọn bá wọn gbé ibẹ̀, wọ́n ń gba ìtọ́jú láàárín èèyàn. Kò fẹ́ kí aláìsàn dá nìkan wà. Ìyá ọmọ tuntun náà kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi sílẹ̀ nìkan nínú yàrá pẹ̀lú ẹkún méjì.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa kí Jímọ̀ lónìí, ó kàn yín. Súrà Baqarah, aaya 233, ní ìjẹ ìyá ọmọ àti aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn bàbá bó ṣe yẹ, kí a má fi ọmọ ni ìyá lára, kí a má sì fi ni bàbá lára. Aaya kan náà ló ní bí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú ọdún méjì, kí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò, kí wọ́n jọ gbìmọ̀. Bàbá nìkan kọ́ ló ni ìmọ̀ràn yẹn, ìyá ọkọ ò sì sí níbẹ̀. Wọ́n bi Áíṣà pé kí ni Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni, bí ìrun bá tó, á jáde lọ kírun. Nítorí náà gé nǹkan kúrú fún un. Gé ìjókòó ìdí ayò. Gé “láfún ni mo fẹ́, mi ò jẹ ẹ̀bà” ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Jímọ̀ tó kọjá, bàbá ọmọ mi dé láti Kóbítì ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀. Kò bọ́ jàlàmíà. Ó ní kí n gbé ọmọ wá, ó fa àdìrẹ kan yọ nínú ọjà mi, ó fi pọ̀n ọ́n, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Kò dá wọn lóhùn, ó ṣáà ń kọ́ ọmọ ní Fátíhà. Mo sùn. Oorun tí mo sùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò lá àlá kankan. Àfi ìgbà tí wọ́n ń pe alásárì ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn:

“Ìyá ọmọ, ó ti tọ̀ sí mi lẹ́yìn o. Ti ọmọbìnrin, ṣé wọ́n ní kí á fọ́n omi sí i ni àbí kí á fọ̀ ọ́?”

Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́.