Ẹ́ńjìnì Wo Lẹ Máa Fi Ṣe Géèmù Point-and-Click?

Ẹ wo yàrá yìí nínú géèmù point-and-click, ìyẹn géèmù téèyàn ń fi máàsì tẹ ohun tó bá rí kó tó lè lò ó. Tábìlì wà láàárín, kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Òṣèré inú géèmù gbọ́dọ̀ lè gba ẹ̀yìn tábìlì kọjá, kí tábìlì bò ó dé ìbàdí. Ó gbọ́dọ̀ lè mú kọ́kọ́rọ́, kó jù ú sápò, kó fi ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣeré kò ní ronú sí i, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é.

Ohun tí mo máa ń bi ẹ́ńjìnì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, nìyẹn: ṣé o ti mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀? Torí ẹ̀ ni Ron Gilbert àti Aric Wilmunder fi ṣe ẹ́ńjìnì tó ń jẹ́ SCUMM fún géèmù Maniac Mansion lọ́dún 1987, tí ilé iṣẹ́ wọn sì ń fi ṣe géèmù míì lẹ́yìn ìgbà náà.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Adventure Game Studio ni màá ní kó gbé. Ọ̀fẹ́ ni, òun ni wọ́n sì fi ṣe géèmù Gemini Rue àti Unavowed. Ẹ ó gbé àwòrán yàrá wọlé, ẹ ó kun ibi tí òṣèré lè rìn, ẹ ó kun tábìlì lọ́tọ̀, ẹ ó wá fa ìlà kan sí ẹsẹ̀ tábìlì. Bí ẹsẹ̀ òṣèré bá wà lókè ìlà, tábìlì á bò ó. Bó bá sọ̀kalẹ̀ kọjá ìlà, òun ló máa bo tábìlì. Ìlà kan péré! Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá ń fi han èèyàn. Windows ni wọ́n ṣe é fún o, ẹni tó ń lo Mac máa jìyà díẹ̀.

Ẹni tí kóòdù ń bà lẹ́rù, kó wo Visionaire Studio, tí wọ́n fi ṣe géèmù Deponia ní Jámánì.

Unity àti Godot, ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń ṣe oríṣiríṣi géèmù, lágbára, àmọ́ wọn ò mọ àpò tàbí kọ́kọ́rọ́ fúnra wọn. Ẹ máa fi PowerQuest tàbí Adventure Creator kún Unity, Popochiu ní ti Godot. Ẹ ka ìwé àṣẹ wọn pẹ̀lú, torí géèmù yìí lè gba ọdún mélòó kan. Lọ́dún 2023, Unity kéde pé òun á máa gbowó lórí bí wọ́n ṣe ń gbé géèmù sórí ẹ̀rọ. Ọdún 2024 ni wọ́n tó fagi lé e. Àṣẹ MIT, tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ni Godot ń lò, kò sẹ́ni tó lè bu owó lé yín níbẹ̀.

Ẹ kọ́ yàrá kan yìí nínú ẹ́ńjìnì méjì kẹ́ ẹ tó ya yàrá kejì. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ fi géèmù pamọ́, ẹ pa á, ẹ tún un ṣí. Ẹ wo inú àpò bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀.