Ta ló ń dájọ́ fún òtẹ́ẹ̀lì tó ní òun ò ba ìlú jẹ́?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí omi, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n lẹ páálí kékeré kan mọ́ ògiri báfùróòmù pé kí n jọ̀ọ́ kí n má jẹ́ kí wọ́n máa fọ táwẹ̀lì mi lójoojúmọ́ torí wọ́n fẹ́ràn ayé tá a wà yìí, àmì ẹ̀yẹ kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ "green" sí gàdàgbà, àmọ́ nígbà tí mo gba ẹ̀yìn kíṣìnì kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, páìpù kan ni mo rí tó ń da omi ìdọ̀tí wọn sínú ọ̀sà tààràtà, níbi táwọn ará abúlé ti ń dẹ edé. Inú bí mi gan-an. Mo bi ara mi pé ta ló dájọ́ yìí? Ta ló wá síbí, kí ló sì wò?

Ìdí tá a fi wà níbí lónìí nìyẹn, àwọn adájọ́ tó ń pín àmì ẹ̀yẹ ìrìn-àjò afẹ́.

Páálí táwẹ̀lì yẹn, kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ bí nínú o. Ní 1986, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jay Westerveld kọ àpilẹ̀kọ lórí irú páálí bẹ́ẹ̀ gan-an, ó ní òtẹ́ẹ̀lì ń pariwo pé àwọn ń dáàbò bo ayé, owó ọṣẹ àti owó iná tiwọn ni wọ́n ń dín kù, ibi tí wọ́n ti ń ba àyíká jẹ́ gangan, wọn ò fọwọ́ kàn án. Òun ló pe ìwà yẹn ní greenwashing. Èmi ń pè é ní fífi ewé bo ààtàn. Iṣẹ́ adájọ́ ni pé kó ká ewé yẹn kúrò.

Àmọ́ kí ni wọ́n tiẹ̀ ń dájọ́ lé lórí ná? Ìrìn-àjò afẹ́ tó jẹ́ pé bí àlejò bá lọ tán, ilé onílé ò bàjẹ́, omi ò gbẹ, owó dé ọwọ́ àwọn tó ni ìlú, àṣà wọn ò sì di nǹkan tí wọ́n kàn ń fi jó fún òyìnbó. Ní 2002 àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè ogún péjọ sí Cape Town, wọ́n sì fẹnu kò pé ìrìn-àjò afẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìlú di ibi tó dáa fáwọn tó ń gbé ibẹ̀, kó sì tún di ibi tó dáa fún àlejò láti wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó o. Onílé ló ṣáájú, àlejò ló tẹ̀ lé e. Èmi gbà pé adájọ́ tó bá yí ètò yẹn padà, ó ti ṣi ẹjọ́ dá kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí ìpàdé yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Harold Goodwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló wá di olórí àwọn adájọ́ fún World Responsible Tourism Awards tí Responsible Travel, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ìrìn àjò, dá sílẹ̀ ní 2004. London ni wọ́n ti máa ń kéde àwọn tó wọlé, lóṣù kọkànlá, níbi World Travel Market tí gbogbo oníṣòwò ìrìn-àjò máa ń ya lọ. Kí ló wá sọ ọ́ di ẹni tí èèyàn lè fọkàn tán pé kó dájọ́? Ìwé tó kà nìkan kọ́ o. Ẹ jẹ́ ká dé Gambia.

Ní Gambia, bí òtútù bá ti mú nílùú òyìnbó, àwọn èèyàn á rọ́ wá, oòrùn ni wọ́n ń wá, òtẹ́ẹ̀lì sì tò sétí òkun. Àmọ́ àwọn tó ń ta èso, àwọn tó ń fún ọsàn fún àlejò mu, àwọn tó ń mú wọn kiri ìgboro, ìta géètì ni gbogbo wọn wà, òtẹ́ẹ̀lì ń lé wọn, àlejò náà ń sá fún wọn torí wọ́n máa ń dì mọ́ ọn pé ẹ rà á, ẹ rà á. Ìjọba tiẹ̀ gbìyànjú lọ́wọ́ ìparí 1999, wọ́n fòfin de ètò àsanpọ̀, ìyẹn èyí tí àlejò ti san owó oúnjẹ, owó ọtí, owó gbogbo nǹkan kó tó kúrò nílé, tí kò fi ní jáde wá ná kọ́bọ̀ nígboro, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá fárí gá, òfin yẹn ò sì pé ọdún méjì tí wọ́n fi yí i padà. Goodwin àtàwọn ará Gambia tó bá ṣiṣẹ́ gba ọ̀nà míì. Wọ́n pe àwọn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n pe ìjọba, wọ́n pe àwọn tó ń tajà fúnra wọn, wọ́n jọ jókòó, ọ̀rọ̀ gùn, àwọn ọlọ́jà gba báàjì, wọ́n gba ìsọ̀, wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn ò ní máa lé àlejò kiri mọ́, bí ọkàn àlejò ṣe balẹ̀ nìyẹn tó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sí ìsọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ka owó, àwọn tó ń fún ọsàn, ohun tó ń wọlé fún wọn ti lé ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, wọ́n ka owó. Ẹni tó ti jókòó ti ọlọ́sàn létí òkun tó bi í pé èló lẹ pa lọ́sẹ̀ yìí, èló lẹ pa lọ́dún tó kọjá, bí ẹ bá gbé fọ́ọ̀mù òtẹ́ẹ̀lì síwájú ẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "à ń ran ará abúlé lọ́wọ́", kò ní sọ pé ó dáa o ẹ kú iṣẹ́, ó máa béèrè pé èló? Ọwọ́ ta ló dé? Àwọn ará abúlé mélòó ló ń gba owó oṣù níbẹ̀, ṣé iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ nìkan ni àbí ọ̀kan nínú wọn wà ní ipò máníjà? Ìbéèrè yẹn ló ya onímọ̀ sọ́tọ̀ sí ẹni tó kàn fẹ́ràn kó máa rìn kiri.

Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ adájọ́ tó dáa kì í fi í jẹ́ irú èèyàn kan ṣoṣo. Wọ́n á wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹranko igbó, torí òun ló máa mọ̀ pé ibi tí àlejò ti ń gbé ọmọ kìnnìún mọ́ra ya fọ́tò, kì í ṣe ààbò ẹranko ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á wá ẹni tó mọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì dénú, tó lè wo bíìlì iná àti bíìlì omi kó sọ iye lítà omi tí àlejò kan ń lò fún òru ọjọ́ kan, tó sì mọ̀ bóyá iye yẹn pọ̀ jù fún ibi tí omi ò ti tó mu. Ó tún yẹ kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ìlú wà níbẹ̀, àti ẹni tó mọ àṣà. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi orí ara wọn dájọ́ náà o, ìlànà wà nílẹ̀. Láti 2008 ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní GSTC ti wà, ìlànà tí wọ́n ń lò kárí ayé fún ìrìn-àjò afẹ́ tí kì í ba ìlú jẹ́, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin: bí wọ́n ṣe ń darí ibẹ̀, àǹfààní táwọn ará ìlú ń rí, àṣà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti àyíká. Ẹsẹ̀ àyíká nìkan ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì mọ̀ tí wọ́n ń pariwo. Gbé sólà sórí ilé kó o wá máa sanwó tí ò tó jẹun fún òṣìṣẹ́, lójú tèmi o, o ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ dé. Èyí tó pọ̀ máa ń já bọ́ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ló kún inú ẹ̀, "a gbàgbọ́ pé", "ìpinnu wa ni pé". Adájọ́ kì í wá ìpinnu, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe ló ń wá. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, ìwé àkáǹtì, orúkọ àwọn tí kò sí lábẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà tí wọ́n lè pè béèrè ọ̀rọ̀, àwọn adájọ́ á sì pè wọ́n lóòótọ́. Lẹ́yìn náà làwọn kan á tún rán èèyàn lọ síbẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ Tourism for Tomorrow, èyí tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú British Airways tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sọ́wọ́ World Travel and Tourism Council, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò ńláńlá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn nìyẹn, bí wọ́n bá ti dín àwọn tó ń du ipò kù, onímọ̀ kan á wọkọ̀ lọ bá wọn nílé, á fojú ara ẹ̀ rí i, kó tó padà wá jábọ̀ fún ìgbìmọ̀. Ká ní ẹnì kan ti wá sí òtẹ́ẹ̀lì tí mo sọ yẹn tó sì gba ẹ̀yìn kíṣìnì kọjá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Ẹ jẹ́ n mú ibì kan tó yege fún yín. Chumbe ni wọ́n ń pè é, erékùṣù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zanzibar ní Tanzania, ó gba Tourism for Tomorrow ní 1999. Yàrá méje péré ló wà fún àlejò, méje! Ẹ ò ní gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ igba. Kò sí kànga níbẹ̀, orí òrùlé ni wọ́n ti ń gba omi òjò tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ sábẹ́ ilé, sólà ló ń tan iná, ilé ìgbẹ̀ wọn kì í lo omi, ohun tó wà nínú ẹ̀ ń jẹrà di ajílẹ̀ ni, torí náà kò sí páìpù kankan tó ń da nǹkan sínú òkun. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ torí àwọn iyùn abẹ́ omi tí ẹja fi ń ṣe ilé wà níwájú ibẹ̀ gan-an, ìjọba sì ti sọ ibẹ̀ di ibi ààbò ní 1994, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀. Wàyí o, ìbéèrè tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn apẹja ńkọ́, àwọn tó ti ń jẹ nínú omi yẹn? Àwọn gan-an ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ tí wọ́n di ẹ̀ṣọ́ òkun, àwọn ló ń ṣàlàyé fún apẹja ẹgbẹ́ wọn ìdí tí ẹja tó ń bímọ níbẹ̀ ṣe máa ń ya lọ síbi tí wọ́n ti lè pa á. Wọ́n tún ń kó àwọn ọmọ iléèwé Zanzibar wá wo abẹ́ omi náà, owó tí àlejò ń san ló ń gbé e. Adájọ́ tó bá ń béèrè owó dé ọwọ́ ta, ìdáhùn wà níbẹ̀.

Ibi tó le nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí wọ́n yìn lánàá lè di àbùkù lónìí. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rìnrìn àjò lọ sílé ọmọ òrukàn láti lọ "ṣoore" fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo èèyàn ń kan sáárá sí wọn. Ìwádìí wá ń fi hàn, ní Cambodia pàápàá, pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yẹn ní òbí tó wà láàyè, àlejò àti owó ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kó ọmọ kúrò nílé wá kún ibẹ̀. Ní 2013 Responsible Travel, àwọn tó dá àmì ẹ̀yẹ Goodwin sílẹ̀, yọ gbogbo irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn. Adájọ́ tí kì í kàwé tuntun, tí kì í bá àwọn tó ń tọ́jú ọmọ sọ̀rọ̀, ohun tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ lára ló máa gbé àmì ẹ̀yẹ fún, tá á sì máa rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì nìkan o, wọ́n ń dájọ́ fún abúlé náà. Ní 2021 àjọ UN tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ bẹ̀rẹ̀ Best Tourism Villages, abúlé tí èèyàn ibẹ̀ ò ju 15,000 lọ. Abúlé 174 láti orílẹ̀-èdè 75 ló wọ̀ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, 44 ló yege, Wonchi ní Ethiopia àti Nkotsi ní Rwanda wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ náà ló wo ọ̀nà mẹ́sàn-án fún abúlé kọ̀ọ̀kan.

Mo máa ń rò ó pé ká ní irú adájọ́ yìí dé Òṣogbo lóṣù kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, kí ló máa béèrè? Igbó Ọ̀ṣun ti wà lórí ìwé UNESCO láti 2005, ère inú ẹ̀ rẹwà, èrò ń wá láti Brazil, láti Amẹ́ríkà, láti ibi gbogbo. Ó máa yìn ín, ó yẹ kó yìn ín. Àmọ́ ó máa rìn dé etí odò, ó máa wo àwọ̀ omi, torí ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra wọn ló kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún mọ́, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti bà á jẹ́. Ta ló ń yẹ omi náà wò báyìí, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Owó tí ọdún ń mú wọ̀lú, èló nínú ẹ̀ ló padà sídìí odò? Ó dùn mí láti sọ ọ́ torí odò wa ni, àmọ́ ìbéèrè tó yẹ ni.

Ohun méjì tẹ́ ẹ lè fi mọ àmì ẹ̀yẹ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì pé ẹ ti wọlé, ẹ wá sanwó kẹ́ ẹ lè gbà á, ọjà ni wọ́n ń tà yẹn, kì í ṣe ẹjọ́. Èkejì, ẹ wá orúkọ àwọn adájọ́ àti ìdí tí wọ́n fi mú ẹni tí wọ́n mú, àwọn tó ń ṣe é dáadáa máa ń kọ ọ́ síta, adájọ́ tó bá sì ní iṣẹ́ tàbí ìbátan pẹ̀lú ẹni tó ń du ipò á yẹra nígbà tí wọ́n bá dé orí ẹni yẹn. Bí ẹ ò bá rí orúkọ, tí ẹ ò rí ìdí, kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ kọ méèlì ráńpẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: omi ìdọ̀tí yín, ibo ló ń lọ?