Arthur, Igbákejì Ààrẹ Tí Apànìyàn Dárúkọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ní 2 Oṣù Keje, 1881, James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ní Washington. Charles Guiteau, ẹni tó ti wá iṣẹ́ ìjọba títí tí kò rí, yọ sí i látẹ̀yìn, ó yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe mú un, ó ní Stalwart lòun, pé Arthur ló di Ààrẹ báyìí.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Stalwart ni wọ́n ń pe agbo kan nínú ẹgbẹ́ Republican, inú agbo yẹn gan-an sì ni Chester Arthur, igbákejì Ààrẹ, ti wá. Kò sí ẹ̀rí pé ó mọ̀ sí i, àmọ́ ta ló lè dí ẹnu ayé? Ẹni tí wọ́n yọ nípò olórí kọ́sítọ́ọ̀mù New York ní 1878 ni!

Garfield ò kú bọ̀rọ̀. Ọjọ́ 79 ló fi wà láàárín ikú àti ìyè, táwọn dókítà ń fi ìka tí kò mọ́ wá ọta nínú ọgbẹ́. Ta ló wá ń ṣèjọba? Ká sòótọ́, kò sẹ́ni kan. Ìwé òfin ní bí Ààrẹ bá kú, tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kí igbákejì bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pinnu pé kò lè ṣiṣẹ́? Bí ara rẹ̀ bá sì yá ńkọ́, ṣé igbákejì yóò dìde fún un? Òfin ò sọ. Àwọn kan ní kí Arthur máa delé dè é, ó kọ̀ jálẹ̀. Lójú tèmi, kíkọ̀ yẹn ló gbà á lẹ́nu ayé.

Lálẹ́ 19 Oṣù Kẹsàn-án, Garfield kú ní New Jersey. Agogo méjì òru ti kọjá nígbà tí Adájọ́ John Brady búra fún Arthur nínú ilé rẹ̀ ní New York. Wàhálà ò tíì tán: kò sí igbákejì mọ́, kò sì sí olórí ní ilé aṣòfin méjèèjì, àwọn tí òfin ní kí ipò Ààrẹ kàn lẹ́yìn igbákejì. Bí Arthur náà bá kú lóru yẹn, kò sẹ́ni tí òfin mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ló bá kọ ìwé ìpè sáwọn aṣòfin àgbà kí wọ́n wá yan olórí wọn, ó fi ránṣẹ́ sí White House, bí nǹkan bá ṣe òun lọ́nà.

Arthur yìí náà ló wá fọwọ́ sí òfin Pendleton ní 1883, pé ìdánwò ni kí wọ́n fi máa gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Ìbéèrè nípa àìlera Ààrẹ ní tirẹ̀ dúró síbẹ̀. Wọ́n pa McKinley ní 1901, wọ́n pa Kennedy ní 1963, kí Àtúnṣe 25 tó wọnú ìwé òfin ní 1967: Ààrẹ lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé òun ò lè ṣiṣẹ́, bí kò bá lè kọ ọ́, igbákejì àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mínísítà lè kọ ọ́.