Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ẹni Tí Èémí Rẹ̀ Kúrú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń tọ́jú àgbà sọ ní Àkúrẹ́ rèé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo kí yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ń yọ èèyàn lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, tí èémí rẹ̀ wá ṣàdédé kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má yára sọ pé àìsàn rẹ̀ àtijọ́ ló tún dé. Ẹ ká ìró tàbí ṣòkòtò rẹ̀ sókè, kí ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n yan gàrí lójú ọ̀nà Ìdànrè fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Wọn kò fi sìgá kan ẹnu rí. Òótọ́ ni pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ gidigidi, àmọ́ èéfín igi ìdáná náà ń bà á jẹ́, òun ló sì mú àwọn ìyá wa tó wà nídìí agbada. Lọ́jọ́ kan wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n fa ínhélà títí, kò gbọ́. A ní ọyẹ́ ló fà á. Ọmọ wọn obìnrin, télọ̀, ló rí i pé ẹsẹ̀ òsì wú. Ó yọ téèpù ọrùn rẹ̀, ó wọn àárín ojúgun yíká: ọ̀tún 33 sẹ̀ǹtímítà, òsì 37. Bí ìyàtọ̀ bá ti ju 3 lọ, àwọn dókítà kì í fojú kéré é.

Kí ló kan ẹsẹ̀ nínú èémí? Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó jìn nínú ẹsẹ̀ lè já, kó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè, kó gba apá ọ̀tún ọkàn kọjá, kó sì lọ há sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti la èyí yé ayé ní ọ̀rúndún 19. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pé lè fara da ìdì ẹ̀jẹ̀ kékeré. Ẹni tí tirẹ̀ ti rọ, kò ní àjẹṣẹ́kù kankan.

Kí ló dé tó jẹ́ àwọn wọ̀nyí ni ìdì ẹ̀jẹ̀ ń tètè bá? Wọ́n ń jókòó ṣáá nítorí pé ìrìn ń mú wọn mí, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ á sì máa lọ́ra. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń mú kí àwọn èròjà tó ń dì ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ọ́síjìn kò bá tó, kíndìnrín á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Ara rò pé òun ń ran ara lọ́wọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ wá ki bí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ kò tó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òróró tàbí ìpara gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ náà. Wíwọ́ lè já ìdì náà kúrò níbi tó wà. Bí àyà bá ń dùn ún tó bá mí kanlẹ̀, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á ya àwòrán iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti àyà. Abẹ́rẹ́ heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó bọ́ sí oògùn oníhóró tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bíi warfarin tàbí rivaroxaban, ó kéré tán fún oṣù 3. Ẹni tó ń lo warfarin kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀fọ́ àjẹkì lónìí kó pa á tì lọ́la. Ìwọ̀n kan náà ni kó máa jẹ. Kó má sì fi àgbo tàbí aspirin tó ń lò pamọ́ fún dókítà, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Ìrìn àjò tó ju wákàtí 4 lọ, bíi Àkúrẹ́ sí Àbújá, ẹ ní kí awakọ̀ dúró, kí àgbà sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀.

Oṣù 6 ni ẹ̀gbọ́n màmá mi fi lo oògùn náà. Téèpù yẹn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Gbogbo Sátidé, kí wọ́n tó wẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ-ọmọ wọn wá wọn ẹsẹ̀ méjèèjì.