Ohun tó wà nínú ìgò kọ́ ló ń dé ara sẹ́ẹ̀lì

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ bá a ṣe ń dán horo nano wò bóyá ó léwu là ń sọ lónìí, ìyẹn horo tíntìntín tí wọ́n dìídì ṣe, tó jẹ́ nànómítà 1 sí 100 (tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nànómítà 1 ni ìdá kan nínú rẹ̀). Ìyẹn ò ṣàjèjì sí yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ṣé wọ́n léwu? Èwo nínú wọn? Ẹ wo titanium dioxide, lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń fi sínú ọ̀dà. Lọ́dún 2011, àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí nípa ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dá ààlà méjì fún un nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́: mílígíráàmù 2.4 nínú kúbíìkì mítà kan fún lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó tóbi díẹ̀, 0.3 péré fún èyí tó kéré dé ìwọ̀n nano. Nǹkan kan náà o! Ìṣirò tí mo fẹ́ràn jù rèé: ẹ mú òkúta kan tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ gé e títí ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fi di nànómítà 1. Ìwúwo rẹ̀ ò yí padà. Àmọ́ tí ẹ bá tẹ́ gbogbo ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí pápá bọ́ọ̀lù! Ojú yẹn ló ń kan ara èèyàn.

Ó dáa. Tí ẹ bá ń dán horo nano wò lára sẹ́ẹ̀lì, ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í ṣe nìyí. Ẹ wọn lẹ́búlẹ́bú, ẹ dà á sínú omi tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé, ẹ wá kọ "nànómítà 20" sílẹ̀, torí pé ohun tó wà lára ìgò nìyẹn. RÁRÁ! Iyọ̀ inú omi yẹn á mú kí horo wọ̀nyẹn ṣù pọ̀, purotéènì á bò wọ́n, èyí tó wúwo á rì lọ bá sẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, ìyókù á léfòó. Ẹ WỌN ÌTÓBI HORO NÍNÚ OMI TÍ Ẹ FẸ́ LÒ GAN-AN! Kì í ṣe nínú omi gaara. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí ẹ bá parí. NÍNÚ OMI YẸN GAN-AN, ẹ jọ̀ọ́!

Aró MTT tá a fi ń mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò. Carbon nanotube, ìyẹn ọ̀pá oníhò tíntìntín tí wọ́n fi carbon ṣe, á gbá àwọ̀ yẹn mọ́ra, ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ ò ní rí i, lẹ bá ń kígbe pé sẹ́ẹ̀lì ti kú. Kò kú o! Ẹ fi irú àyẹ̀wò mìíràn tì í lẹ́yìn.

Èyí ò ní kí ẹ fojú di nanotube. Lọ́dún 2014, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ lágbàáyé, ka irú kan nínú wọn, MWCNT-7, mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ.

Tó bá jẹ́ fàdákà lẹ fẹ́ dán wò lára ẹja, ẹ gbé abọ́ kejì kalẹ̀, silver nitrate, ìyẹn iyọ̀ fàdákà tó máa ń yòrò sínú omi, ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Fàdákà nano máa ń yòrò díẹ̀díẹ̀. Láìsí abọ́ kejì, ẹ ò ní mọ̀ bóyá horo ló pa ẹja àbí èyí tó ti yòrò.