Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Orí Rẹ̀ Máa Ń Ṣini Lọ́nà

Ẹ wo ẹ̀yìn táńkà epo bẹntiróòlù tó wà lójú fídíò yìí. "Highly inflammable" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tó ń gbiná ni àbí ohun tí kì í gbiná?

Ó ń gbiná, wàràwàrà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé "in-" níwájú ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí "kì í ṣe" lè rò pé kò séwu. "In-" méjì ni Gẹ̀ẹ́sì jogún lọ́wọ́ èdè Látìn: ọ̀kan ń sọ pé rárá, èkejì ń sọ pé "sínú". Èkejì yìí ló wà nínú "inflammable", nítorí náà òun àti "flammable" kò yàtọ̀ síra. Ewu tó wà níbẹ̀ ló mú kí National Fire Protection Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, máa rọ àwọn èèyàn láti bíi ọdún 1920 síwájú pé "flammable" ni kí wọ́n máa lò. Ní 1959, British Standards Institution, àjọ tó ń gbé ìlànà àti òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní Bìrìtéènì, náà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í gbiná ni "non-flammable".

Àwa náà ní ohun tí à ń fi síwájú ọ̀rọ̀ láti sọ pé rárá nínú Yorùbá, ìyẹn "àì-": àìsàn, àìmọ̀, àìgbọràn. Àmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. "Un-" ni ti ìbílẹ̀ wọn. "In-" bá Látìn wọlé, ó sì máa ń pààrọ̀ aṣọ. Bó bá pàdé p, b tàbí m, ó di "im-", bíi "impossible". Ó di "il-" nínú "illegal", ó di "ir-" nínú "irregular". Ẹ má há a sórí o, ẹ fi ẹnu yín dán an wò. Ẹ sọ "ó ń bọ̀" kí ẹ sì fiyè sí ètè yín. N la kọ, àmọ́ ètè ti pa dé kí ẹ tó dé b, m ló sì jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "impossible" gan-an nìyẹn.

Ó wá ku àwọn tó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá kọ̀wé pé iṣẹ́ yín jẹ́ "invaluable", ẹ má bínú. Ó ní iṣẹ́ náà kọjá ohun tí a lè díye lé. Ṣebí àì wà nínú "aláìlẹ́gbẹ́" náà, síbẹ̀ oríyìn ni. Ohun tí kò níláárí ni "worthless".

"Unqualified" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Unqualified teacher" ni olùkọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n "unqualified support" ni àtìlẹ́yìn tí kò ní "àmọ́" nínú. Nínú ìròyìn àwọn aṣàyẹ̀wò owó, "unqualified opinion" ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń gbàdúrà fún: ìwé ìṣirò wọn mọ́. "Qualified opinion" ló yẹ kó kó ìdààmú bá wọn.

Adájọ́ wo lẹ fẹ́? "Disinterested" ni ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, tí kò sì sí ohun tó máa jẹ nínú ẹjọ́ náà. "Uninterested" ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn, tó ń sùn lórí àga. Ọ̀pọ̀ ti ń lo méjèèjì pa pọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó dára ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ìyàtọ̀ wọn wúlò púpọ̀. "Infamous" kò sì túmọ̀ sí ẹni tí a kò mọ̀. Olókìkí búburú ni.

Èyí tó kù kan ayálégbé. Bí òjò bá ń jò wọ yàrá yín, tí ẹ wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí onílé pé ilé náà "inhabitable", ohun tí ẹ sọ fún un ni pé ilé rẹ̀ ṣeé gbé dáadáa. "Uninhabitable" ni kí ẹ kọ.